Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ so jẹnẹrétọ̀ mọ́dìí mọ́tò, ẹ kọ́kọ́ wọn ìwúwo ẹ̀

Ẹni tó bá dúró sórí òkè Màpó lọ́jọ́ Sátidé, tó kọjú sí ọ̀nà tó sọ̀ kalẹ̀ lọ sí Ọjà'ba, kò ní í pẹ́ kó tó rí i. Bọ́ọ̀sì kan ń bọ̀, kánópì àti àga ike kún inú ẹ̀ dé òrùlé. Jẹnẹrétọ̀ ńlá kan ń tẹ̀ lé e lẹ́yìn lórí táyà méjì, irin kan ṣoṣo ló so wọ́n pọ̀. Àwọn tó ń tajà lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì á sún sẹ́yìn díẹ̀ kó lè ráyè kọjá. Kò sẹ́ni tó máa bèèrè ohun tó wà nídìí irin yẹn. Òde ni wọ́n ń lọ, wọ́n sì ti pẹ́.

Iṣẹ́ yìí ti yàtọ̀ sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Ẹni tó jẹ́ pé àga àti kánópì nìkan ló ń yá àwọn èèyàn tẹ́lẹ̀ ti ní láti ní iná tiẹ̀, kó ní ilé ìgbọ̀nsẹ̀ onítáyà fáwọn àlejò pẹ̀lú. Àwọn bíríkìlà náà ń fa ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń po kọnkéré láti Bẹẹrẹ lọ sí Mọ́lété. Lọ́dọ̀ àwọn ará Amẹ́ríkà, ilé gan-an ni wọ́n ń so mọ́dìí mọ́tò: bẹ́ẹ̀dì, ilé ìdáná, ilé ìwẹ̀, gbogbo ẹ̀ lórí táyà, wọ́n á máa wọ́ ọ rìnrìn-àjò kiri. Tírélà làwọn náà ń pè é, bó tilẹ̀ jẹ́ pé téèyàn bá dárúkọ tírélà n'Íbàdàn, ọkọ̀ gbọọrọ tó ń kó sìmẹ́ńtì ló máa wá sọ́kàn èèyàn. Ohun kan náà ló ń kọ ẹni tó kọ́kọ́ rà á lóminú, yálà ilé ló rà tàbí jẹnẹrétọ̀. Kí lèèyàn máa fi so ó, kí ló sì máa jẹ́ kó dúró jẹ́ẹ́ lẹ́yìn ọkọ̀?

Lọ́dọ̀ tiwa, bọ́rọ̀ náà ṣe sábà máa ń lọ nìyí.

"Bọ̀ọ̀dá, ẹ bá mi jó ìkọ́ kan mọ́dìí bọ́ọ̀sì yìí o. Jẹnẹrétọ̀ ni mo fẹ́ẹ́ máa fi fà."

"Ẹ má ṣèyọnu, Ìyá Alága. Irin tó nípọn ni màá lò. Kò lè já láéláé."

"Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ọ̀nà tiwa yìí ò dáa."

"Mo ní kẹ́ ẹ fọkàn balẹ̀, Mọ̀mí. Ẹ ṣáà mú owó irin wá."

Ẹ̀yin èèyàn wa, nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yẹn, ibo lẹ ti gbọ́ kílò? Ìyá Alága ò sọ bí jẹnẹrétọ̀ náà ṣe wúwo tó, wẹ́dà ò sì bi í. Irin tó nípọn dáa lóòótọ́, ṣùgbọ́n ibi tí wọ́n jó o mọ́ ńkọ́? Pánù lásán ni bọ́ńpà ọ̀pọ̀ bọ́ọ̀sì. Ìkọ́ ò ní í já lóòótọ́, bọ́ńpà ló máa tẹ̀ lé jẹnẹrétọ̀ lọ. Ara irin gbọọrọ tó gbé ìsàlẹ̀ mọ́tò dúró ni wọ́n ń di ìkọ́ mọ́, bóòtù ni wọ́n sì ń fi dì í, kì í ṣe iná wẹ́dà nìkan.

Pátákó irin kékeré tó wà lára ẹ̀rọ náà ló yẹ kéèyàn ti bẹ̀rẹ̀. Wọ́n sábà máa ń kọ ìwúwo síbẹ̀. Ẹ ro ti jẹnẹrétọ̀ pọ̀ mọ́ ti ọkọ̀ tó gbé e, kẹ́ ẹ fi dísù inú táǹkì kún un (ọgọ́rùn-ún lítà dísù fẹ́ẹ̀ tó kílò 85), ẹ má sì gbàgbé wáyà àti gbogbo gbàràmù-gbaramu tí wọ́n ń jù sí i lórí. Ká ní gbogbo ẹ̀ jẹ́ kílò 1,200. Ẹ wá lọ wo ìwé mọ́tò tó fẹ́ fà á. Iye tí iléeṣẹ́ tó ṣe é ní ó lè fà máa ń wà níbẹ̀, iye tó lè fà tí ẹrù bá ní bíréèkì tiẹ̀ sì yàtọ̀ sí tèyí tí kò ní. Ìkọ́ náà ní iye tiẹ̀, bọ́ọ̀lù irin ní tiẹ̀, ṣéènì ní tiẹ̀. Èyí tó kéré jù nínú wọn ni ọ̀gá. Bí ìkọ́ bá lè fa kílò 3,000, tí bọ́ọ̀lù orí ẹ̀ jẹ́ ti 900, kílò 900 lẹ ní.

Ti bọ́ọ̀lù yìí gan-an, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń kó sí wàhálà. Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà soọ́ pọ̀: àwọn kan ń lo pínnì tí wọ́n ń tì bọ ojú irin méjì, àwọn kan ń lo òrùka ńlá tó ń wọ inú ìkọ́, àwọn kan ń lo bọ́ọ̀lù irin tí ife irin máa ń dé lórí. Pínnì rọrùn, owó ẹ̀ ò pọ̀. Ṣùgbọ́n níbi tí ọ̀nà ti ń gòkè tó tún ń sọ̀ lójijì, bíi ti ẹ̀gbẹ́ Màpó, kì í fẹ́ tẹ̀ lé ọ̀nà, ṣe ló máa ń lọ́ irin. Bọ́ọ̀lù ń yí síbi gbogbo. Òrùka àti ìkọ́ ló dáa jù fún ẹrù tó wúwo gan-an àti ọ̀nà oníkòtò, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ariwo ẹ̀ ń dunni létí.

Bọ́ọ̀lù ò rí bákan náà. Tòkunbọ̀ tó wá láti ilẹ̀ Yúróòpù, mìlímítà 50 ni bọ́ọ̀lù tiẹ̀. Tàwọn Amẹ́ríkà tó kéré jẹ́ nǹkan bíi mìlímítà 48, èyí tó wọ́pọ̀ jẹ́ bíi 51, èyí tó tóbi fún ẹrù ńlá jẹ́ bíi 59. Tẹ́ ẹ bá ra bọ́ọ̀lù ní Aráròmí ní Àgòdì Géètì, tẹ́ ẹ wá gbé ife ti 59 lé bọ́ọ̀lù 51, ó máa wọlé. Ẹ máa tì í, á dún kọ́ḿ, ẹ máa rò pé ó ti mú. Kòtò àkọ́kọ́ tó jìn ló máa tú àṣírí ẹ̀. Wọ́n máa ń tẹ nọ́ńbà sára bọ́ọ̀lù, wọ́n á sì tẹ̀ ẹ́ sára ife náà. Ẹ gbé tọ́ọ̀ṣì, kẹ́ ẹ kà á. Tí nọ́ńbà méjèèjì ò bá bára mu, ẹ má rà á, kódà kí ẹni tó ń tà á búra.

Lọ́jọ́ kejì oṣù kẹsàn-án ọdún 2015, kóńténà já bọ́ lára tírélà lórí afárá Ojúẹlẹ́gbà l'Ékòó, ó pa èèyàn mẹ́ta. Lọ́jọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù kìn-ín-ní ọdún 2023, níbẹ̀ náà, òmíràn wó lu bọ́ọ̀sì èrò, èèyàn mẹ́sàn-án ló kú. Jẹnẹrétọ̀ ò tó kóńténà, àmọ́ ẹni tó jókòó ti ẹ̀fọ́ ní Ọjà'ba ò tiẹ̀ ní páànù bọ́ọ̀sì lórí.

Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé láàárín ìgboro Ìbàdàn àtijọ́, bíréèkì àti ṣéènì ló ṣe pàtàkì ju ohunkóhun mìíràn lọ. Tí wọ́n bá ti gbọ̀ngàn Màpó, èyí tí wọ́n ṣí lọ́dún 1929, ń sọ̀ kalẹ̀ lẹ́yìn òde, jẹnẹrétọ̀ tí kò ní bíréèkì tiẹ̀ á máa ti bọ́ọ̀sì láti ẹ̀yìn. Ní Britain, ẹrù tó bá ti ju kílò 750 lọ gbọ́dọ̀ ní bíréèkì tiẹ̀. Èyí tó pọ̀ nínú tòkunbọ̀ wọn máa ń fúnra ẹ̀ mú: bí mọ́tò bá ti rọra, ẹrù á sún síwájú, sísún yẹn ló máa fa okùn bíréèkì. Ó ṣeni láàánú pé ọ̀pọ̀ wẹ́dà ló máa ń gé ibẹ̀ sọnù kí wọ́n lè jó irin pínnì síbẹ̀. Ṣéènì méjì ni kẹ́ ẹ so, ẹ gbé wọn kọjá lórí ara wọn lábẹ́ irin ìfà, kó lè jẹ́ pé tí ìkọ́ bá yọ, orí wọn ni imú ẹrù máa gúnlẹ̀ sí, kò ní í lu títì.

Ti fífì wá ńkọ́? Ọ̀rọ̀ ọ̀nà márosẹ̀ nìyẹn. Ní Bẹyẹrúnká, ta ló ráyè sáré tí ẹrù ẹ̀ á fi máa fì? Àmọ́ tí wọ́n bá pe Ìyá Alága sóde ní Ṣàgámù, tí bọ́ọ̀sì wọ ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn tí wọ́n ṣí lọ́dún 1978, dírẹ́bà á tẹ tọ́tù. Tírélà gidi kan á wá fẹ́ẹ́rẹ́ kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, atẹ́gùn ẹ̀ á gba jẹnẹrétọ̀ létí. Á fì sọ́tùn-ún, á fì sósì, fífì náà á sì máa pọ̀ sí i títí táá fi gbé ìdí mọ́tò dání. Ìwé òfin ojú pópó orílẹ̀-èdè yìí ní kí ọkọ̀ tó bá ń wọ́ ọkọ̀ má ṣe kọjá kìlómítà 45 láàárín wákàtí kan, yálà nígboro tàbí lọ́nà márosẹ̀. Ẹ lè ka mélòó ló ń tẹ̀ lé e.

Ohun tó sábà ń fa fífì ni ẹrù tó pọ̀ lẹ́yìn táyà. Ẹ wo alábàárù tó gbé pákó gígùn lérí, tí apá ẹ̀yìn gùn ju iwájú lọ: bó bá ṣe yí ọrùn díẹ̀, ẹ̀yìn pákó á gbá odindi ìsọ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni. Àwọn Amẹ́ríkà ní kí ìwúwo tó ń tẹ ìkọ́ mọ́lẹ̀ jẹ́ kílò 10 sí 15 nínú ọgọ́rùn-ún. Ti kílò 1,200 yẹn, láti 120 dé 180 ni. Àwọn Britain ní 5 sí 7 tó, torí pé ìkọ́ mọ́tò wọn kéré. Ìwé ọkọ̀ tó gbé ẹrù náà ni kẹ́ ẹ tẹ̀ lé. Tí kò bá tẹ̀ ẹ́ tó, ẹ sún jẹnẹrétọ̀ síwájú lórí irin ẹ̀, kẹ́ ẹ má ra nǹkan kan ná.

Lẹ́yìn èyí lèèyàn ń ra irin amúdúró. Ọ̀kan wà tó dà bí apá, wọ́n máa ń so ó sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ń fún ara ẹ̀ mọ́lẹ̀ kí ẹrù má lè yí wéré. Òmíràn jẹ́ irin méjì tó le bíi sípíríǹgì, tó ń dá ìwúwo padà sórí táyà iwájú mọ́tò. Ìyẹn dáa fún ilé onítáyà tó gùn, kò fi bẹ́ẹ̀ wúlò fún jẹnẹrétọ̀ kúkúrú. Tàwọn Yúróòpù wà nínú ife fúnra ẹ̀, ó ń fún bọ́ọ̀lù mọ́ra bíi bíréèkì. Ẹni tó bá ra ìyẹn ò gbọdọ̀ fi gíríìsì kan bọ́ọ̀lù ẹ̀ o, á di asán. Kò sí èyí tó lè wo ẹrù tí wọ́n kó sẹ́yìn sàn nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Tó bá wá bẹ̀rẹ̀ sí í fì lójú ọ̀nà, dírẹ́bà ò gbọdọ̀ gbá bíréèkì, kò sì gbọdọ̀ sáré sí i. Kó di ìdarí mú gbọnyin, kó rọra gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí tọ́tù, kó jẹ́ kí ọkọ̀ fúnra ẹ̀ rọlẹ̀. Irin tó dà bí apá yẹn, kẹ́ ẹ tú u kẹ́ ẹ tó fi rìfáàsì wọ àdúgbò, torí ó máa ń tẹ̀ níbẹ̀. Kẹ́ ẹ sì tó bọ́ sọ́nà márosẹ̀, ẹ dúró ní Toll Gate Ìbàdàn, ẹ fún gbogbo nọ́ọ̀tì, kẹ́ ẹ fọwọ́ kan àárín táyà méjèèjì bóyá ó ti gbóná jù.