Lẹ́tà sí Ayétòrò láti Barking

Ẹ̀yin bàbá àti ìyá mi, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò mi ní Ayétòrò,

Ẹ kú ìfaradà omi òkun o.

Nínú ṣọ́ọ̀ṣì St Margaret ní Barking níbí ni James Cook, atukọ̀ òkun, ti gbéyàwó lọ́dún 1762. Nígbà tí Kérésìmesì ọdún 1777 ku ọ̀la, ó kan erékùṣù kan lójú Òkun Pàsífíìkì, ló bá fi Kérésìmesì sọ ọ́. Ara orílẹ̀-èdè Kiribati ni erékùṣù náà lónìí. Ìyọnu omi òkun tó ń bá àwọn ará Kiribati yìí fínra jọ tiwa ní Ayétòrò.

Erékùṣù 33 ni wọ́n. Bí a bá kó ilẹ̀ wọn jọ, kò tó ìdá kan nínú mẹ́rin Ìpínlẹ̀ Èkó, bẹ́ẹ̀ òkun tó jẹ́ tiwọn ju gbogbo Nàìjíríà lọ ní ìlọ́po mẹ́ta. Ní Tarawa, olú-ìlú wọn, òkun ń bẹ lápá kan, ọ̀sà lápá kejì, ọ̀nà mọ́tò há sáàárín. Ẹja, àgbọn àti bẹrẹfúrútù ni wọ́n ń jẹ. Wọ́n ń dá ẹmu lára igi àgbọn láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, tọmọdé tàgbà ló sì ń mu ún nígbà tó ṣì dùn. Kòtò ni wọ́n ń gbẹ́ títí yóò fi kan omi kí wọ́n tó gbin kókò. Bí òkun bá ya wọ kòtò náà, kókò kú nìyẹn, omi kànga á sì di oníyọ̀. Ẹ̀yin kọ́ ni n ó ṣàlàyé ìyẹn fún.

Ìjọba wọn lábẹ́ Ààrẹ Anote Tong ra ilẹ̀ sí orílẹ̀-èdè Fiji lọ́dún 2014. Taneti Maamau tó gorí oyè lọ́dún 2016 ní àwọn kò kó lọ síbì kankan. Wọ́n ṣì ń jiyàn lé e lórí, ṣùgbọ́n ìwé ilẹ̀ wà lọ́wọ́ wọn.

Omi ti yọ àwọn ará ìhín náà lẹ́nu rí. Nígbà tí omi odò Thames ya ògiri Dagenham nítòsí wa níbí lọ́dún 1707, ó lé lọ́dún mẹ́wàá kí ẹnjiníà John Perry tó rí i dí, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ló sì dìde sí i. Ta ni yóò dìde sí tiwa? Ẹ má dẹ́kun bíbéèrè ògiri tí yóò dènà òkun o, àmọ́ ẹ wá ilẹ̀ gíga pẹ̀lú. Ìlú tí àwọn bàbá wa jọ fi ọwọ́ ara wọn tẹ̀ dó lọ́dún 1947 kò gbọdọ̀ fọ́n ká sí yàrá àyágbé l'Ékòó. Bí ẹ bá rí ilẹ̀, àwa tí a wà níbí yóò dá owó. Orúkọ ìlú ni kí ẹ fi rà á, kì í ṣe orúkọ ẹnì kan.

Ọmọ yín ní Barking