Máàpù Tó Fi Èkó Pamọ́

Ẹ rántí ìgbà Kòró lọ́dún 2020? Máàpù Nàìjíríà ni wọ́n ń kùn láwọ̀ káàkiri fóònù wa. Ìpínlẹ̀ tí àrùn bá ti pọ̀ ni àwọ̀ tirẹ̀ ń ki jù. Èkó la ti kọ́kọ́ rí i, lọ́jọ́ 27 oṣù Kejì, Èkó náà ló sì pọ̀ sí jù. Àmọ́ lórí máàpù ọ̀hún, èèyàn fẹ́rẹ̀ẹ́ má rí Èkó!

Ilẹ̀ ni irú máàpù yẹn ń yà, kì í ṣe èèyàn. Ìpínlẹ̀ Niger fẹ̀ tó nǹkan bí 76,000 kìlómítà onígun mẹ́rin. Èkó, tó kéré jù nínú ìpínlẹ̀ 36, kò ju 3,600 lọ. Igbó tí ẹnì kankan ò gbé wá gba àwọ̀ rẹpẹtẹ. Igbóṣeré ńkọ́, níbi tí odindi ìdílé ti ń sùn sí yàrá kan? Kò tó orí abẹ́rẹ́.

Ọ̀rẹ́ mi kan ní kíláàsì ní ìrísí Nàìjíríà ló ti mọ́ àwọn èèyàn lára. Òótọ́ ni. Kí wọ́n fi í sílẹ̀, ṣùgbọ́n kí wọ́n ya òbìrìkìtì lé ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan lórí, kí títóbi rẹ̀ bá iye aláìsàn mu. Kí wọ́n kọ nọ́ńbà sínú rẹ̀ pẹ̀lú, torí àwọn bí àbúrò mi, tí pupa àti àwọ̀ ewé jọ ń rí bákan náà lójú ẹ̀. (Ọkùnrin ló pọ̀ jù nínú wọn, torí orí kromosóòmù X ni jíìnì rẹ̀ wà.) Àwọ̀ nìkan ò lè sọ nǹkan kan fún un.