Lẹ́tà Gbangba sí Mínísítà Iṣẹ́ Òde ní Lomé: Gọ́tà La Fẹ́

Ọlọ́lá,

Ọ̀rọ̀ ẹrẹ̀ ni mo bá wá. Bí ẹ bá gba títì ọlọ́dà láti Lomé dé Atakpamé, nǹkan bíi 160 kìlómítà, ẹ lè má rí i. Àmọ́ ẹ yà kúrò lójú títì lásìkò òjò, kí ẹ kọrí sí àwọn abúlé kọfí àti kòkó ní Amou, Wawa tàbí Akébou. Kò ní pẹ́ tí ẹ ó fi rí ọkọ̀ tó dùbúlẹ̀ sójú ọ̀nà, tí ẹnìkan wà lábẹ́ rẹ̀ nínú amọ̀ pupa.

Kádáànù ló sábà máa ń ṣẹ́, ìyẹn ọ̀pá irin tó ń gbé agbára ẹ́ńjìnnì lọ sí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn. Táyà á rì, awakọ̀ á tẹ iná mọ́ ọn, táyà á máa yí lásán nínú ẹrẹ̀. Lójijì ó bá òkúta pàdé, ó sì gbá ilẹ̀ mú. Gbogbo agbára tó ti ń ṣòfò já lu oríkèé kádáànù, ó sì kán. Ti tákísì kéékèèké yàtọ̀: rọ́bà tó bo oríkèé ẹsẹ̀ iwájú ló máa ń ya, iyanrìn á wọnú gírísì, ọkọ̀ á sì máa ké kọ́-kọ́-kọ́ ní gbogbo ibi tó bá ti fẹ́ yà.

Àwọn mẹkáníìkì wa mọ ọgbọ́n rẹ̀. Bó bá jẹ́ Hilux tó ń fi ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fà ni, ọmọ iṣẹ́ á fi òkúta há táyà, á fi ṣóńṣó àdá ha ẹrẹ̀ kúrò lára bóòtù, á sì fi sípánà 14 tú kádáànù ẹ̀yìn sílẹ̀ pátápátá. Wọ́n á jù ú sẹ́yìn ọkọ̀, ẹsẹ̀ iwájú nìkan á sì fà á délé jẹ́jẹ́. Ẹni tí kò bá ní irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ńkọ́? Ibẹ̀ ló máa sùn, òun àti kòkó tó rù, tí òjò ń pa àpò.

Owó kádáànù náà kì í ṣe awakọ̀ nìkan ló ń san án. Ó ń yọ ọ́ lára owó ọkọ̀, oníṣòwò ń yọ ọ́ lára iye tó fẹ́ ra kòkó, àgbẹ̀ ló ń jẹ ìyókù. Oṣù kẹwàá tí kòkó sì ń jáde, òjò kò tíì ká ẹsẹ̀ nílẹ̀ lórí òkè.

Àwọn kan ní kí ìjọba ràn wá lọ́wọ́ láti ra ọkọ̀ tó lágbára jù. Èmi ò fara mọ́ ọn. Ọkọ̀ ńlá tó kó ẹrù àkójù gba ilẹ̀ tútù ló ń gbẹ́ kòtò tí ọkọ̀ mìíràn ń kú sí. Ọ̀nà ló yẹ kó ṣáájú ọkọ̀: àwọn ará Jámánì tó kọ́ ilé rédíò Kamina nítòsí Atakpamé kí ogun 1914 tó dé, ojú irin ni wọ́n kọ́kọ́ tẹ́ kí wọ́n tó kó ẹ̀rọ wọn wá.

Ohun tí a ń tọrọ kò ga: gọ́tà lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì kí omi lè rí ọ̀nà lọ, kọ́fàtì níbi tí odò ń dá ọ̀nà kọjá, àti igi ìdábùú tí kò ní jẹ́ kí ọkọ̀ ńlá kọjá títí ilẹ̀ yóò fi gbẹ lẹ́yìn òjò, bí wọ́n ti ń ṣe ní Kamẹrúùnù. SAFER, iléeṣẹ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2012, ń gba owó lọ́wọ́ wa lójú títì fún àtúnṣe ọ̀nà. Ẹ jẹ́ kí ọ̀nà oko náà jẹ níbẹ̀, kí ẹ sì kéde iye tó kàn án.

Láti oṣù kejìlá títí dé oṣù kejì ni ilẹ̀ máa ń gbẹ. Ìgbà náà ni kí ẹ rán katapílà wá. Bó bá di ẹ̀yìn oṣù kẹta, òun náà á rì, àwa náà la ó sì máa fà á.

Èmi ni tiyín nítòótọ́,
Awakọ̀ kan láti Atakpamé