Ẹ Yẹ Ọmọ Náà Wò Kí Ẹ Tó Pè É Ní Olódo

Ní ọdún 1896, oníṣègùn ará Ìlú Ọba kan, W. Pringle Morgan, kọ̀wé nípa ọmọkùnrin ẹni ọdún 14 kan tó ń jẹ́ Percy. Orí ọmọ náà pé, ojú rẹ̀ ríran kedere, ìṣirò kò sì ni ín lára. Ṣùgbọ́n bó bá fẹ́ kọ orúkọ ara rẹ̀, "Precy" ló ń kọ. Olùkọ́ rẹ̀ sọ pé ká ní ẹnu nìkan ni wọ́n fi ń kọ́ni ni, òun ni ìbá já fáfá jù nílé ìwé náà.

Dyslexia ni wọ́n ń pe irú ìṣòro yìí lónìí. Síbẹ̀, pàṣán ni irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ń bá pàdé ní ọ̀pọ̀ kíláàsì wa. Èyí tí kò lè dá lẹ́tà mọ̀, olódo ni. Èyí tí kò lè jókòó jẹ́ẹ́, alágídí ni. Àwọn òbí mìíràn a tilẹ̀ gbé e lọ sọ́dọ̀ wòlíì.

Kí ẹ tó dá irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lẹ́bi, ẹ kọ́kọ́ yẹ ojú àti etí rẹ̀ wò. Ọmọ tí etí rẹ̀ ń ṣọyún kò ní gbọ́ ohun tí tíṣà sọ, ẹni tí ojú rẹ̀ kò sì rí pátákó kò lè da ohun tó wà níbẹ̀ kọ. Ebi, àìsùn àti àìtó ẹ̀jẹ̀ náà máa ń mú kí ọkàn ọmọ fò lọ.

Bí gbogbo èyí kò bá sí, ó lè jẹ́ ADHD, ìyẹn ìṣòro àìlè pọkàn pọ̀ tàbí àìlè jókòó jẹ́ẹ́. Dókítà kì í fi ìwà ọjọ́ kan pinnu rẹ̀. Àmì náà gbọ́dọ̀ ti hàn kí ọmọ tó pé ọdún 12, kó ti tó oṣù 6 ó kéré tán, kó sì máa hàn nílé àti níléèwé. Nítorí náà ni òbí àti olùkọ́ ṣe gbọ́dọ̀ jọ jókòó sọ̀rọ̀, kí wọ́n yé di ẹ̀bi ru ara wọn.

Ìrànlọ́wọ́ tí kò náni lówó pọ̀. Ẹ jẹ́ kó jókòó níwájú, kó jìnnà sí fèrèsé. Ẹ má rán an níṣẹ́ mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ gé iṣẹ́ rẹ̀ sí wẹ́wẹ́, ẹ jẹ́ kó dìde nu pátákó, bó bá sì ṣe dáadáa, ẹ yìn ín lójú ẹsẹ̀. Ẹni tí ìwé kíkà ń dà láàmú, ẹ fi sùúrù so lẹ́tà kọ̀ọ̀kan mọ́ ìró rẹ̀.

Òfin ẹ̀kọ́ ọdún 2004 sọ ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ di ọ̀ranyàn àti ọ̀fẹ́ fún gbogbo ọmọ Nàìjíríà, kò sì yọ àwọn ọmọ tó ní irú ìṣòro wọ̀nyí sílẹ̀. Láti 1977 ni wọ́n ti dá kọ́lẹ́ẹ̀jì tó ń kọ́ olùkọ́ àkànṣe sílẹ̀ ní Ọ̀yọ́. Kí ìjọba ìpínlẹ̀ gba irú olùkọ́ bẹ́ẹ̀ síṣẹ́: ó kéré tán, ẹnì kan fún ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan, tí yóò máa yí ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ká, tí yóò rí i pé wọ́n yẹ ojú àti etí ọmọ wò ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún ẹ̀kọ́, tí yóò sì fi ọ̀nà han àwọn tíṣà yòókù kí ọwọ́ wọn tó kan pàṣán.