Iyọ̀ Tí Gbòǹgbò Kò Lè Gbé

Ẹ̀yin ará wa tí ẹ ń dáko ẹ̀ẹ̀rùn létí odò Kaduna, tí ẹ ń gbin wọtamẹ́lọ́ọ̀nù, apálá àti ẹ̀gúsí, ẹ wo orí ebè yín nígbà ọyẹ́. Bí ohun funfun kan bá bo ojú ilẹ̀ bí ìyẹ̀fun, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ iyọ̀. Oòrùn ń fa omi tí a bù sí i gbẹ, iyọ̀ inú omi kì í bá a lọ. Ajílẹ̀ NPK tí a ń dà lé e sì ń fi kún un.

Àwọn ohun ọ̀gbìn yìí kì í fọwọ́ lẹ́rán wo ìyà. Nígbà tí àwọn onímọ̀ tú jíìnì (àbùdá àjogúnbá) apálá palẹ̀ ní 2009, tí wọ́n sì tú ti wọtamẹ́lọ́ọ̀nù ní 2013, ó rọrùn láti rí i pé jíìnì ń rìn ní ẹbí-ẹbí. Ọ̀kan lára ẹbí tó ń bá iyọ̀ jà ni HKT. Bí sódíọ̀mù, èròjà inú iyọ̀, bá bá omi gun gbòǹgbò, HKT á fà á kúrò lójú ọ̀nà, á dá a dúró sísàlẹ̀ kó má baà dé ewé. Ẹbí NHX ń kó èyí tó bá yọ́ wọlé sínú àpò kan nínú sẹ́ẹ̀lì. Elégédé mọ iṣẹ́ yìí dunjú, ó wà lára ìdí tí àwọn àgbẹ̀ Éṣíà fi ń so ọ̀dọ́ wọtamẹ́lọ́ọ̀nù mọ́ gbòǹgbò elégédé. Àwọn ará Japan ti bẹ̀rẹ̀ irú ìsopọ̀ bẹ́ẹ̀ láti nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àìsàn inú ilẹ̀ ni wọ́n ń sá fún nígbà náà.

Ṣùgbọ́n sódíọ̀mù ni HKT mọ̀ ọ́n mú. Ajílẹ̀ àdàjù kò sí nínú iṣẹ́ rẹ̀. Ajílẹ̀ tó pọ̀ jù ń gba omi mọ́ gbòǹgbò lọ́wọ́, ewé á rọ nígbà tí ilẹ̀ ṣì tutù, àwa á sì rò pé ebi ló ń pa á, a ó tún da ẹ̀kún ọwọ́ kan sí i. Ìwà yìí ń dùn mí ju ọ̀wọ́n irúgbìn lọ. Kò sí irúgbìn tí wọ́n lè tà fún wa tí yóò gbà wá lọ́wọ́ rẹ̀.

Omi tó ń ṣàn jáde láti ilé-iṣẹ́ ní Kakuri àti Makera nílùú Kaduna tún yàtọ̀: ewé lè tutù yọ̀yọ̀ kí òjé sì wà nínú rẹ̀. Ẹ má fi bomi rin oko.

Ẹ la ojú ọ̀nà fún omi kó lè fọ iyọ̀ lọ, ẹ fi koríko gbígbẹ bo ebè, kí ẹ sì máa fi ajílẹ̀ sí i díẹ̀díẹ̀, kó jìnnà sí ìdí ohun ọ̀gbìn. Ilé-iṣẹ́ ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ (IAR) ti Yunifásítì Ahmadu Bello wà ní Samaru, Zaria, nítòsí wa. Ẹ lọ béèrè níbẹ̀ nípa àyẹ̀wò ilẹ̀. Ẹ bu erùpẹ̀ láti ojú ibi bíi mẹ́wàá nínú oko, ẹ pò ó pọ̀, ẹ sá a lábẹ́ ibòji, kí ẹ gbé e lọ kí ẹ tó san owó àpò ajílẹ̀ kankan.