Ẹ Má Ta Akọ Irúgbìn

Bí Kérésìmesì bá ti ń súnmọ́lé, tí àwọn ará wa tí ń ṣòwò ní Abidjan bá ń padà bọ̀ wá sí Èjìgbò, sí Ola àti sí àwọn ìletò tí ó yí wọn ká, ohun kan a máa ṣẹlẹ̀ tí kò yẹ kí a dákẹ́ lé lórí. Akọ tòlótòló tí ó tóbi jù lọ ni oníbàárà a kọ́kọ́ nawọ́ sí, òun náà ni olówó rẹ̀ a sì kọ́kọ́ tà. Èyí tí kò ní láárí ni yóò ṣẹ́kù láti máa gun àwọn abo.

Ẹ̀yin ará, àgbẹ̀ wo ni ń ta gbogbo iṣu tí ó dára, tí ó wá fi èyí tí kòkòrò ti jẹ ṣe èbù?

Ẹlòmíràn lè wí pé àlejò ni tòlótòló. Òtítọ́ ni. Mẹ́síkò ni a ti kọ́kọ́ sìn ín; lẹ́yìn ọdún 1500 ni àwọn ará Sípéènì gbé e dé Yúróòpù. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ Amẹ́ríkà kan náà ni àgbàdo àti ẹ̀gẹ́ ti wá, ta ni ó sì ń pè wọ́n ní àlejò lóko wa lónìí?

Láti ọdún 2003 ni ìjọba ti fi òfin de kíkó ẹran adìẹ àti tòlótòló oníyìnyín wọ ilẹ̀ wa, síbẹ̀ àwọn onífàyàwọ́ ń gbà á láti Kútọnu wọlé. Tòlótòló ńláńlá tí àwọn òyìnbó ń sìn fún ẹran, àyà rẹ̀ tóbi tó bẹ́ẹ̀ tí akọ kò lè gun abo mọ́. Ọwọ́ ènìyàn ni a fi ń gba àtọ̀ rẹ̀ fún abo. Tiwa kì í tètè tóbi, ṣùgbọ́n ó ń gun abo fúnra rẹ̀, abo ń sàba fún ọjọ́ 28, ó sì ń kó ọmọ rẹ̀ jẹ̀ kiri.

Nítorí náà, a dá àbá mẹ́ta. Èkíní, kí olúkúlùkù yan akọ tí ó dára jù lọ sílẹ̀ kí oníbàárà tó dé, kí ó sì máa fi akọ ṣe pàṣípààrọ̀ pẹ̀lú ará ìletò mìíràn, kí ọmọ ìyá kan náà má baà máa gun ara wọn. Èkejì, kí a má ṣe sin ọmọ tòlótòló pọ̀ mọ́ adìẹ, nítorí àrùn tí adìẹ ń gbé kiri láìṣàìsàn a máa ba ẹ̀dọ̀ tòlótòló jẹ́, a sì pa á. Ẹ̀kẹta, kí a pe oníṣègùn ẹran kí ó fún wọn ní àjẹsára lúkúlúkú kí ọyẹ́ tó dé.

Ẹni tí ó bá ta akọ irúgbìn rẹ̀ lọ́dún yìí, kí ó má ṣe ráhùn bí ó bá di ẹran oníyìnyín ni ó ń rà lọ́dún tí ń bọ̀.