Ìbòmú Tí Kì Í Séni Léèémí

Láti ìgbà tí àrùn Kòrónà wọ Nàìjíríà ní oṣù kejì ọdún 2020 ni ìbòmú ti di ohun èlò inú ilé. Bí ìjọba kò tilẹ̀ fi dandan mú wa mọ́, ó ṣì wúlò nígbà tí a bá ń tọ́jú ẹni tí ó ń wúkọ́, nígbà tí a bá lọ sí ilé ìwòsàn, àti nígbà tí eruku ọyẹ́ bá gbòde.

Ẹ̀sùn tí ọ̀pọ̀ obìnrin fi ń kàn án ni pé ó ń sé àwọn léèémí, nítorí náà wọn a fà á sí abẹ́ imú. Ìkòkò tí a dé ní ìdajì ni ìyẹn. Eṣinṣin yóò wọ̀ ọ́ dandan. Afẹ́fẹ́ kọ́ ni ó tán nínú ìbòmú, nítorí pé ojú ihò aṣọ ni afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé, ibẹ̀ náà ni ó sì ń gbà jáde. Ooru àti omi inú èémí wa ni ó ń mú aṣọ rin. Bí aṣọ bá rin, a lẹ̀ mọ́ imú, ara a sì ni ẹni. Ọwọ́ ẹni tí ó ń rán an ni àtúnṣe wà.

Aṣọ òwú ni kí ẹ lò, irú Àǹkárá tàbí aṣọ ìbùsùn tí kò tíì ya. Bí Àǹkárá bá jẹ́ tuntun, ẹ kọ́kọ́ fọ̀ ọ́, kí ó súnkì tán kí ẹ tó gé e. Ìpele méjì tàbí mẹ́ta tó. Ẹ má fi ọ̀rá sí àárín rẹ̀, ẹ má sì fi sítáàṣì sí i. Ẹ nà án sí ojú oòrùn: bí ìmọ́lẹ̀ bá ń yọ gbòò láàárín òwú, ó ti fẹ́lẹ́ jù. Ẹ fi bo imú kí ẹ mí: bí ó bá gba agbára, ó ti nípọn jù. Ẹ ṣẹ́ ẹ po ní ẹ̀ẹ̀mẹta kí ẹ tó rán an, kí àárín rẹ̀ lè yọ síwájú, kí ó má baà kan ihò imú.

Ẹ ní mẹ́ta ó kéré tán, kí ẹ lè pààrọ̀ èyí tí ó bá rin. Ẹ fi ọṣẹ àti omi gbígbóná fọ̀ wọ́n, kí ẹ sá wọn sí oòrùn. Bí ẹ bá wọ̀ ọ́, ẹ pa ẹnu dé. Ẹ fi imú mí wọlé jẹ́jẹ́, kí ẹ ka ení dé ẹ̀rin, kí ẹ mí jáde, kí ẹ kà á dé ẹ̀fà. Ẹ rọra rìn bí ọmọ bá wà lẹ́yìn yín, nítorí ẹni tí ó bá ń mí hẹlẹhẹlẹ kò lè gbádùn ìbòmú kankan.

Ẹ gbọ́ ìkìlọ̀ yìí dáadáa. A ti rí ìyá tí ó fi ìbòmú dí imú ọmọ ọwọ́ tí ó pọ̀n. Èèwọ̀ ni! Ọmọ tí kò tíì pé ọdún 2, ẹni tí ó ń sùn, àti ẹni tí kò lè fúnra rẹ̀ bọ́ ọ kò gbọdọ̀ wọ̀ ọ́. Kí ẹni tí ó ní ikọ́ sémìí-sémìí bá dókítà rẹ̀ sọ̀rọ̀ ná. Bí òòyì bá ń kọ́ yín tàbí àyà ń dùn yín, ẹ kúrò láàárín èrò kí ẹ bọ́ ọ.

Ẹ̀yin tí ẹ ń yan gàrí, aṣọ tí ẹ fi ń di imú kò lè dá májèlé inú èéfín dúró, bẹ́ẹ̀ ni kò lè gbani lọ́wọ́ èéfín jẹnẹrétọ̀. Ibi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ ni kí ẹ máa dáná sí; kí jẹnẹrétọ̀ sì wà ní ìta, kí ó jìnnà sí fèrèsé. Ẹ̀mí kò ní ààrọ̀. Ó di oṣù tí ń bọ̀.